Ta Ló Bi Ọmọ Léèrè? Àgbéyẹ̀wò Ìwádìí Láàárín Àwọn Ọmọdé ní Ọ̀yọ́ àti Ògbómọ̀ṣọ́

Bí àsìkò prọ́jẹ́ẹ̀tì bá ti wọlé ní LAUTECH, yunifásítì tó wà ní Ògbómọ̀ṣọ́, àti ní àwọn iléèwé gíga tó wà ní Ọ̀yọ́, ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ni ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ ọdún àṣekágbá máa ń forí lé. Wọ́n á kó ìwé ìbéèrè dání, wọ́n á gbé lẹ́tà ẹ̀ka wọn fún ọ̀gá ilé ẹ̀kọ́. Ọ̀gá á kà á, á tẹ òǹtẹ̀ sí i, á ní kí wọ́n lọ rí olùkọ́ kíláàsì karùn-ún. Olùkọ́ á pa kíláàsì lẹ́nu mọ́: "Anti yìí wá láti yunifásítì. Ẹ kọ gbogbo ohun tí wọ́n bá ní kí ẹ kọ. Mi ò fẹ́ gbọ́ ariwo." Gbogbo ọmọ á dáhùn pọ̀: "Yẹ́ẹ̀sì, mà!" Kò ní pẹ́ tí iṣẹ́ á fi parí. Ẹni tó jókòó sẹ́yìn á ti wo ti ẹni tó wà níwájú rẹ̀. Ọmọ tí Gẹ̀ẹ́sì kò yé á ti fi àmì sí òpó àkọ́kọ́ láti òkè délẹ̀. Ọmọ tí ìwé ń bi bóyá bàbá àti ìyá rẹ̀ máa ń jà nílé á fi ọwọ́ bo ìdáhùn rẹ̀, nítorí pé ẹni tí wọ́n jọ jókòó sórí bẹ́ǹṣì kan ń yọjú.

Ẹ̀ka ti fọwọ́ sí i, ọ̀gá ti tẹ òǹtẹ̀, olùkọ́ ti pàṣẹ. Ọmọ tó mú bírò lọ́wọ́ nìkan ni ẹnikẹ́ni kò bi bóyá ó fẹ́ ṣe é.

Ìlú méjèèjì yìí tó ibi tí a ti lè yẹ ọ̀rọ̀ náà wò. Ògbómọ̀ṣọ́ ní ilé ìwòsàn tí ìjọ Onítẹ̀bọmi dá sílẹ̀ lọ́dún 1907, èyí tó ti di Bowen University Teaching Hospital. Ó ní LAUTECH, tí ìjọba dá sílẹ̀ lọ́dún 1990, pẹ̀lú ilé ìwòsàn ìkọ́ṣẹ́ tirẹ̀. Ọ̀yọ́ ní Ajayi Crowther University, ó sì ní kọ́lẹ́ẹ̀jì ìjọba àpapọ̀ tí gbogbo ènìyàn ń pè ní SPED, tí wọ́n dá sílẹ̀ lọ́dún 1977, níbi tí wọ́n ti ń kọ́ àwọn tí yóò máa kọ́ ọmọ adití, ọmọ afọ́jú àti ọmọ tí ẹ̀kọ́ ń ni lára. Lọ́dọọdún ni àwọn ọmọ ìlú yìí ń dáhùn ìbéèrè, tí wọ́n ń gun orí ìwọ̀n, tí wọ́n ń tọ̀ sínú ike, tí wọ́n ń na ìka fún abẹ́rẹ́ kí àgbà lè mọ nǹkan kan. Èrò tèmi ni pé a ti ń kọ́ bí a ṣe ń tọrọ àyè lọ́wọ́ àwọn tó ni ọmọ, ṣùgbọ́n a kò tíì kọ́ bí a ṣe ń fún ọmọ fúnra rẹ̀ láyè láti kọ̀. Ìwádìí tí ọmọ kò lè kọ̀, ìdáhùn rẹ̀ kò ṣeé gbọ́kàn lé. Ọ̀rọ̀ ẹ̀tọ́ àti ọ̀rọ̀ ọgbọ́n iṣẹ́ kì í ṣe méjì níbí.

A kò lè sọ̀rọ̀ yìí ní Nàìjíríà kí a má dárúkọ Kánò. Lọ́dún 1996, yírùnyírùn bẹ́ sílẹ̀ níbẹ̀, ó sì ń pa ọmọ lọ́pọ̀lọpọ̀. Ilé iṣẹ́ Pfizer láti Amẹ́ríkà gbé oògùn tuntun kan tó ń jẹ́ Trovan wá. Ọmọ 200 ni wọ́n kó sínú ìwádìí: 100 gba Trovan, 100 yòókù gba ceftriaxone tí àwọn dókítà ti mọ̀ tẹ́lẹ̀. Ọmọ 11 kú, 5 nínú àwọn tó gba Trovan, 6 nínú àwọn tó gba èkejì. Àwọn òbí mìíràn ní ọmọ àwọn di adití, afọ́jú tàbí arọ. Pfizer ní àìsàn ló fà á, kì í ṣe oògùn. Ṣùgbọ́n ohun tí àwọn òbí tẹnu mọ́ ni pé ẹnikẹ́ni kò sọ fún àwọn pé ìwádìí ni. Ìtọ́jú ni wọ́n rò pé ọmọ àwọn ń gbà, bẹ́ẹ̀ sì ni àwọn dókítà Médecins Sans Frontières wà nínú ọgbà ilé ìwòsàn yẹn kan náà, tí wọ́n ń tọ́jú ènìyàn lọ́fẹ̀ẹ́. Ìwé ìròyìn Washington Post tú ọ̀rọ̀ náà síta ní Oṣù Kejìlá ọdún 2000. Kò pẹ́ lẹ́yìn rẹ̀ ni àṣírí mìíràn tú, pé lẹ́tà tó ní ìgbìmọ̀ ẹ̀tọ́ ti fọwọ́ sí ìwádìí náà, ẹ̀yìn tí iṣẹ́ ti parí ni wọ́n kọ ọ́, tí wọ́n wá fi déètì àtẹ̀yìnwá sí i.

Lọ́dún 2009, Pfizer gbà láti san mílíọ̀nù 75 dọ́là kí ẹjọ́ òun àti ìjọba ìpínlẹ̀ Kánò lè parí. Ṣùgbọ́n kí owó yẹn tó dé, nǹkan ti bàjẹ́. Nígbà tí Kánò àti àwọn ìpínlẹ̀ kan lókè Ọya kọ àjẹsára rọmọlápá-rọmọlẹ́sẹ̀ lọ́dún 2003, Trovan wà lára ohun tí àwọn òbí ń rántí. Kòkòrò àrùn náà ráyè, ó sì tàn kọjá ààlà Nàìjíríà. Ìyá tí kò mọ ẹnì kankan nínú ọmọ 200 yẹn kọ oògùn tí ì bá dáàbò bo ọmọ tirẹ̀, nítorí ohun tí wọ́n ṣe fún ọmọ ẹlòmíràn ní ọdún méje sẹ́yìn.

Kánò wà lára ohun tó jí ìjọba àpapọ̀. Ìgbìmọ̀ National Health Research Ethics Committee gbé ìlànà orílẹ̀-èdè jáde lọ́dún 2007. Òfin ìlera orílẹ̀-èdè ti ọdún 2014 wá là á kalẹ̀ pé bí ìwádìí tó jẹ mọ́ ìtọ́jú bá kan ọmọ tí kò tíì tó àgbà, àǹfààní ọmọ náà gbọ́dọ̀ wà níbẹ̀, òbí tàbí alágbàtọ́ sì gbọ́dọ̀ fọwọ́ sí ìwé lẹ́yìn tí ọ̀rọ̀ bá ti yé e. Ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́ ní ìgbìmọ̀ tirẹ̀ ní ilé iṣẹ́ ètò ìlera n'Ìbàdàn. Àwọn ilé ìwòsàn ìkọ́ṣẹ́ ńlá náà ní tiwọn. Iṣẹ́ gidi ni wọ́n ń ṣe, mo sì gbóríyìn fún wọn.

Ibi tí wọn kò dé ló ń dùn mí. Ìlera ni ìlànà wọ̀nyí dojú kọ jù. Ẹni tó fẹ́ gba ẹ̀jẹ̀ ọmọ yóò gba ọ̀dọ̀ ìgbìmọ̀ kọjá, yóò sì ṣe àtúnṣe sí ìwé rẹ̀ títí yóò fi rẹ̀ ẹ́. Ẹni tó fẹ́ bi ọmọ ọdún mẹ́wàá léèrè pé ta ló ń lù ú nílé, lọ́pọ̀ ìgbà súpáfáísọ̀ rẹ̀ nìkan ló máa rí ìbéèrè náà kó tó dé iwájú ọmọ. Àfi bí ẹni pé ọ̀rọ̀ kì í pa ọmọ lára! Lọ́dún 1939 ní Iowa, ní Amẹ́ríkà, ọ̀jọ̀gbọ́n kan tó ń jẹ́ Wendell Johnson fẹ́ mọ ohun tó ń fa kíkólòlò. Ọmọ aláìlóbìí 22 ni wọ́n lò. Wọ́n ń sọ fún àwọn kan nínú wọn, tí ẹnu wọn já geere, pé akólòlò ni wọ́n, pé kí wọ́n ṣọ́ra kí wọ́n tó lanu. Kò sí abẹ́rẹ́, kò sí oògùn. Ṣùgbọ́n nínú àwọn ọmọ yẹn, àwọn kan bẹ̀rẹ̀ sí í bẹ̀rù ọ̀rọ̀ sísọ, ó sì bá wọn dàgbà. Ọdún 2001 ni Yunifásítì Iowa tó tọrọ àforíjì. Ìbéèrè lásán ni ọ̀pọ̀ nínú wa ń pe ìwé tí à ń kó lọ sí kíláàsì, èyí tó sì bi ọmọ bóyá ó máa ń dà bíi pé ẹnikẹ́ni kò fẹ́ràn òun, bí ọmọ bá gbé e lọ sílé lọ́kàn, ta ló máa bá a sọ̀ ọ́ kalẹ̀?

Ṣé ọmọ tí a kọ́ dáadáa ní Ọ̀yọ́ lè sọ fún àgbà pé òun kò ṣe? A ti kọ́ ọ pé bí àgbà bá ránni níṣẹ́, ká tètè dìde. A kọ́ ọ pé kí ó má wo àgbà lójú kòrókòró, kí ó má sì já àgbà lọ́rọ̀ gbà. Ọmọ tó bá sọ pé "Mi ò fẹ́" fún àlejò, ìyá rẹ̀ ni ojú máa tì. Èmi kò sí lára àwọn tó ń dá ẹ̀kọ́ ilé yìí lẹ́bi; òun ló ń jẹ́ kí ọmọ ṣeé fi sílẹ̀ láàárín agboolé láìfòyà. Ohun tí mo ń sọ ni pé olùwádìí ń jẹ nínú èrè ẹ̀kọ́ tí kò kọ́ ọmọ. Nígbà tí ọmọ mi orí pé òun gbà, ẹ̀kọ́ ilé ló dáhùn yẹn. Ìwé ìfọwọ́sí tí a bá gbé sí iwájú rẹ̀ lẹ́yìn ìyẹn kò fi nǹkan kan kún un.

Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé ti kọ ọ́ sínú àdéhùn ẹ̀tọ́ ọmọdé lọ́dún 1989, ní abala kejìlá, pé ọmọ tó bá ti lè ní èrò lẹ́tọ̀ọ́ láti sọ ọ́ lórí ohun tó kàn án, kí àgbà sì kà á sí. Nàìjíríà ti fọwọ́ sí i. Òfin ẹ̀tọ́ ọmọdé ti ìjọba àpapọ̀ jáde lọ́dún 2003, ti ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́ tẹ̀ lé e lọ́dún 2006. Àwa náà sì ti ń sọ ọ́ kí wọ́n tó kọ ìwé kankan pé ọmọdé gbọ́n, àgbà gbọ́n, la fi dá Ilé-Ifẹ̀. Ṣùgbọ́n òfin kò lè la ẹnu ọmọ. Iṣẹ́ olùwádìí ni.

Ó ṣeé ṣe, mo sì fẹ́ kí a rí bó ṣe ṣeé ṣe. Kí olùkọ́ kọ́kọ́ jáde kúrò nínú yàrá. Níwọ̀n ìgbà tó bá ṣì wà níbẹ̀, ìdánwò ni àwọn ọmọ máa kà á sí. Kí olùwádìí jókòó sórí bẹ́ǹṣì tàbí ẹní tí ọmọ jókòó sí, kí ó má dúró lé e lórí. Kí ó sọ ohun tó bá wá ní Yorùbá tó mọ́lẹ̀, kí ó wá ní kí ọmọ tún un sọ lẹ́nu ara rẹ̀. Lẹ́yìn náà kí ó kọ́ ọmọ bí wọ́n ṣe ń kọ̀. Á ní: "Mo fẹ́ bi ẹ́ pé kí lo jẹ láàárọ̀ yìí, ṣùgbọ́n má dá mi lóhùn o. Sọ pé o ò fẹ́ sọ." Lákọ̀ọ́kọ́, ọmọ á rẹ́rìn-ín, á wolẹ̀, á rọra sọ ọ́ sínú. "Mi ò gbọ́. Tún un sọ." Ẹ̀ẹ̀kejì á jáde díẹ̀. Nígbà tó bá di ẹ̀ẹ̀kẹta, á sọ ọ́ tagbára-tagbára, á sì máa wo ojú àgbà bóyá yóò bínú. Bí àgbà bá dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀ tọkàntọkàn, ọmọ yẹn ti mọ ohun kan tí ìwé ìfọwọ́sí kankan kò lè kọ́ ọ.

Kí ọmọ tó bá kọ̀ sì ní ohun tí yóò máa ṣe nínú yàrá yẹn kan náà, kó máa yàwòrán tàbí kó ka ìwé, kí gbogbo kíláàsì má baà mọ̀ pé òun ló kọ̀. Bí wọ́n bá ní kó jáde lọ dúró nínú oòrùn, ìyà ni wọ́n fi jẹ ẹ́ yẹn. Ó sì yẹ kí a mọ èdè ara ọmọ. Ọmọ tó ti dáhùn dáadáa tẹ́lẹ̀ tó wá ń họ orí, tó ń fa ìṣẹ́tí aṣọ, tó sọ lẹ́ẹ̀mejì pé òun fẹ́ lọ tọ̀, ọmọ yẹn ti kọ̀. Kí a pa ìwé dé.

Ti òbí náà kò rọrùn tó bí a ṣe ń kọ ọ́. Ìwé ìfọwọ́sí ní ìlà kan fún orúkọ ẹnì kan. Ní agboolé kan ní Ìsàlẹ̀ Àfọ́n ní Ògbómọ̀ṣọ́, bàbá ọmọ lè wà ní Èkó, ìyá ọmọ lè ti lọ ọjà Wàsó láti ìdájí, ìyá àgbà ló ń tọ́ ọmọ, baálé ló sì ń dáhùn bí àlejò bá kan ilẹ̀kùn. Ọmọ tó wà ní ilé kéwú, Àlùfáà ló wà ní ipò bàbá fún un. Nípa ọmọ tí ìyá rẹ̀ kú, Ògbómọ̀ṣọ́ mọ̀ ọ́n láti ọjọ́ tó ti pẹ́, nítorí Ruth Kersey, nọ́ọ̀sì míṣọ́nnárì Onítẹ̀bọmi, dá ilé ìtọ́jú àwọn ọmọ bẹ́ẹ̀ sílẹ̀ níbẹ̀. Ọmọ tó wà lábẹ́ irú òrùlé bẹ́ẹ̀ ló rọrùn jù fún olùwádìí láti rí, nítorí ọ̀gá kan ṣoṣo ló máa fọwọ́ sí i fún gbogbo wọn. Ìdí nìyẹn tó fi yẹ kó jẹ́ ọmọ bẹ́ẹ̀ la máa dé ọ̀dọ̀ rẹ̀ gbẹ̀yìn. Ìmọ̀ràn mi lórí agboolé ni pé kí a kí baálé gẹ́gẹ́ bí àṣà, kí a gba ìfọwọ́sí lọ́dọ̀ ẹni tó ń jí ọmọ láàárọ̀ tó sì ń fún un lóúnjẹ, kí a fi fóònù bá òbí tó wà lẹ́yìn odi sọ̀rọ̀. Kí baálé gbà wá lálejò yàtọ̀ sí kí ìyá gbà.

Àṣà mìíràn tún wà tó ń da ìṣirò rú. A kì í ka ọmọ fún ọlọ́mọ. Ẹni tó bá dé ilé tí kò kí ẹnikẹ́ni dáadáa, tó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú "Ọmọ mélòó lẹ bí? Mélòó ló kú?", yóò gba iye tí wọ́n bá fẹ́ fún un. Obìnrin mìíràn á ní "Ọlọ́run ló mọ̀ wọ́n." Kì í ṣe àìmọ̀wé ló ń bá a jà, ó ń dáàbò bo ọmọ rẹ̀. Olùwádìí tó gbọ́n á bi í lórúkọ ọmọ ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, bí ẹni ń bá a ṣeré, àpapọ̀ iye wọn á wá hàn fúnra rẹ̀. Bẹ́ẹ̀ náà ni ọ̀rọ̀ ẹ̀jẹ̀, irun àti èékánná. Láti ìgbà tí wọ́n ti rí ibùba àwọn ajínigbé nínú igbó Ṣókà n'Ìbàdàn lọ́dún 2014, òbí tí kò bá béèrè ohun tí wọ́n fẹ́ fi irun ọmọ òun ṣe ni ó yẹ kó yà wá lẹ́nu. Kí a fi ike náà hàn án, kí a sọ ilé àyẹ̀wò tó ń lọ, ọjọ́ tí wọ́n máa dà á nù, àti ẹni tó lè pè.

Ní ti ọgbọ́n iṣẹ́, ẹ jẹ́ ká dé Senegal. Patricia Greenfield ṣe iṣẹ́ kan láàárín àwọn ọmọ Wolof, tó jáde nínú ìwé lọ́dún 1966. Ó bu omi sínú ife méjì tó dọ́gba, ọmọ gbà pé wọ́n dọ́gba. Ó wá da ọ̀kan sínú ife gígùn tẹ́ẹ́rẹ́, ó sì bi ọmọ bóyá omi inú rẹ̀ ṣì jẹ́ iye kan náà. Ọ̀pọ̀ ọmọ tí kò lọ sílé ìwé ní kì í ṣe bẹ́ẹ̀ mọ́. Bí iṣẹ́ bá parí síbẹ̀, wọ́n á kọ ọ́ sínú ìwé pé ọpọlọ ọmọ Áfíríkà kò tètè dàgbà. Irú ìwé bẹ́ẹ̀ sì pọ̀. Ṣùgbọ́n Greenfield ṣàkíyèsí pé àwọn kan ń sọ pé omi pọ̀ sí i nítorí pé òun ló dà á. Àgbà tó ti ibi jíjìn wá, tó ń da omi kiri, agbára kan gbọ́dọ̀ wà lọ́wọ́ rẹ̀! Ó wá gbé ife fún àwọn ọmọ kí wọ́n da omi náà fúnra wọn, púpọ̀ nínú àwọn tó ṣì í tẹ́lẹ̀ sì gbà á. Ó tún rí i pé bí òun bá bi wọ́n pé "Kí ló dé tí o fi rò bẹ́ẹ̀?", wọn kì í fèsì; bí òun bá ní "Kí ló dé tó fi rí bẹ́ẹ̀?", ẹnu wọn á là. Mo gbà pé kò sí iṣẹ́ kan tó yẹ kí akẹ́kọ̀ọ́ tó fẹ́ ṣe prọ́jẹ́ẹ̀tì láàárín ọmọdé kọ́kọ́ kà ju èyí lọ. Ọwọ́ ẹni tó da omi àti bí ìbéèrè ṣe rí ló yí ọgbọ́n ọmọ padà, kì í ṣe orí ọmọ.

Robert Serpell fi irú rẹ̀ hàn ní ọ̀nà mìíràn ní Zambia. Ó ní kí àwọn ọmọ Lusaka àti ọmọ Manchester ṣe àwòkọ àwọn ohun kan. Nígbà tó jẹ́ pẹ́ńsùlù àti ìwé, àwọn ọmọ Manchester ta wọ́n yọ. Nígbà tó di wáyà, àwọn ọmọ Lusaka, tó ti ń fi wáyà ṣe mọ́tò láti kékeré, ló borí. Nígbà tó di amọ̀, wọ́n jọ ṣe déédéé. Ní Ọ̀yọ́, níbi tí agboolé àwọn tó ń fín igbá àti àwọn oníṣẹ́ awọ ṣì wà, ọmọ tó ti ń mú ọ̀bẹ fín ilà sára igbá lábẹ́ ojú bàbá rẹ̀ lè kùnà nínú ìdánwò àwòrán tí wọ́n tẹ̀ ní òkè òkun. Wọ́n á ní ojú rẹ̀ kò mú. Ẹni tó kọ ọ́ kò gbé igbá fún un.

Àwọn kan ń lo àlọ́. Olùwádìí á bẹ̀rẹ̀ ìtàn ọmọ kan tí ìyàwó bàbá rẹ̀ ń fìyà jẹ, á dá a dúró, á ní kí ọmọ parí rẹ̀. Ó dára, nítorí ọmọ á lè sọ̀rọ̀ ìyà láìsọ pé tòun ni. Ṣùgbọ́n mo ní ìkìlọ̀ kan. Ọmọ Yorùbá mọ bí àlọ́ ṣe ń parí: ẹni ibi á jìyà, ọmọ òrukàn á di ọlọ́lá. Bí ọmọ bá parí rẹ̀ báyẹn, ó lè jẹ́ pé àlọ́ ló ń tẹ̀ lé. Kí a má fi ìgbẹ̀yìn ìtàn díwọ̀n ìrètí tó wà nínú ọkàn ọmọ. Àwòrán náà bẹ́ẹ̀: kí ọmọ fúnra rẹ̀ sọ ohun tó yà. Mo ti rí àgbà tó ń túmọ̀ ọ̀dà dúdú sí ìbànújẹ́ nígbà tó jẹ́ pé òun nìkan ló ṣẹ́kù nínú páálí. Ilé-Ifẹ̀ wà lára àwọn ìlú tí ìwádìí àgbáyé kan lórí àwọn ọmọ ọdún 10 sí 14, Global Early Adolescent Study, ti wáyé, níbi tí wọ́n ti gba ẹnu àwọn ọmọ gbọ́ ìtàn ìgbésí ayé wọn. Ó fi hàn pé a lè ṣe é ní ilẹ̀ wa.

Ti ọmọ adití ṣòro jù, a kì í sì í sọ ọ́ tó. Olùkọ́ rẹ̀ ni ó sábà máa ń túmọ̀ èdè ọwọ́ fún olùwádìí. Báwo ni ọmọ náà ṣe máa sọ ohun tí olùkọ́ yẹn ń ṣe sí i? Àwọn tó ń jáde ní SPED lè yanjú èyí bí wọ́n bá ń jẹ́ ògbufọ̀ fún ara wọn láti ilé ẹ̀kọ́ kan sí èkejì, dípò kí olùkọ́ ọmọ máa ṣe é.

A ní àpẹẹrẹ rere nílé. Ní ìparí àwọn ọdún 1950, dókítà David Morley ti ilé ìwòsàn Wesley Guild ní Iléṣà ń tẹ̀ lé ìdàgbàsókè àwọn ọmọ Ìmẹ̀sí-Ilé láti ìgbà ìbí. Wọ́n ń wọ̀n wọ́n, wọ́n ń kọ ọ́ sílẹ̀, wọ́n ń tọ́jú èyí tó bá ṣàìsàn, wọ́n sì rí bí èéyi ṣe ń pa ọmọ tó. Ibẹ̀ ni káàdì ìdàgbàsókè ọmọ tó tàn káàkiri àgbáyé ti gbilẹ̀. Ohun tó wú mi lórí jù ni pé wọ́n fi káàdì náà sínú ọ̀rá, ọwọ́ ìyá ló sì ń wà. Ìyá ló ń gbé àkọsílẹ̀ ọmọ rẹ̀ délé, ó lè rí ìlà tó ń gòkè tàbí tó ń wálẹ̀ kí dókítà tó sọ ọ́. Lónìí, ìṣirò ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ lè wà nínú kọ̀ǹpútà ní òkè òkun kí ìyá rẹ̀ má mọ̀ pé ó wà.

Ti Ilé-Ifẹ̀ ni mo máa ń rò jù. Lọ́dún 1970, Ọ̀jọ̀gbọ́n Babátúndé Fáfúnwá àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ìwádìí ọlọ́dún mẹ́fà ní ilé ẹ̀kọ́ St. Stephen's ní Mọ́dákẹ́kẹ́. Wọ́n fi Yorùbá kọ́ àwọn ọmọ ní gbogbo iṣẹ́ fún ọdún mẹ́fà, Gẹ̀ẹ́sì jẹ́ iṣẹ́ kan láàárín rẹ̀. Àwọn ọmọ tí wọ́n fi wé wọn kúrò ní Yorùbá lẹ́yìn ọdún mẹ́ta. Àwọn tó fi Yorùbá kọ́ ẹ̀kọ́ kò rẹ̀yìn, wọ́n tiẹ̀ ṣe dáadáa jù, títí kan Gẹ̀ẹ́sì. Mo ń fi ìwádìí yìí yangàn. Síbẹ̀ ọdún mẹ́fà ni gbogbo ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ọmọ kan, kò sì ní tún un ṣe. Ká ní ó yí padà ńkọ́? Ìwádìí tó bá máa gba odindi ìgbà èwe ọmọ gbọ́dọ̀ ní ibi tí wọ́n ti ń dúró lọ́dọọdún wo ọmọ, bi òbí, kí ọ̀nà àbáyọ sì wà fún ẹni tó bá fẹ́ kúrò.

Nípa àwọn ọmọ tó ń kiri ọjà ní Takìé àti ní gáréèjì Owódé, Ọ̀jọ̀gbọ́n Beatrice Adéníkẹ̀ẹ́ Oloko ti Yunifásítì Èkó ti ṣe iṣẹ́ pàtàkì lórí iṣẹ́ ìtajà ojú títì àwọn ọmọdé. Ohun tí mo fẹ́ fi kún un kò pọ̀. Wákàtí kan tí a fi dá ọmọ dúró lójú títì, wákàtí ọjà ni, ọmọ tó bá gbé omi padà délé lè jẹ ẹgba. Bí a bá sì ra gbogbo omi rẹ̀, a ti fowó ra ìdáhùn rẹ̀ nìyẹn. Kí a lọ bá ẹni tó rán an níṣẹ́ kí a tó bá a sọ̀rọ̀, kí a yan àkókò tí ọjà kò yá. Irú ọmọ yìí ló sì ṣeé ṣe jù kó sọ pé bọ̀ọ̀dá kan máa ń fọwọ́ kan òun. Olùwádìí tó ti ṣèlérí pé òun kò ní sọ fún ẹnikẹ́ni ti de ara rẹ̀ lọ́wọ́. Kí ó sọ ọ́ láti ìbẹ̀rẹ̀ pé bí ẹnikẹ́ni bá ń pa ọmọ lára, òun máa wá ẹni tó lè gbà á sílẹ̀, kí nọ́ńbà ọ́fíìsì ìgbáyégbádùn ìjọba ìbílẹ̀ sì ti wà nínú fóònù rẹ̀ kí ó tó jáde nílé.

Èsì ńkọ́? Nígbà ìwádìí ìlera NDHS ti ọdún 2018, wọ́n gba ẹ̀jẹ̀ àwọn ọmọ kéékèèké káàkiri orílẹ̀-èdè láti wo àìtó ẹ̀jẹ̀, ibà àti irú ẹ̀jẹ̀ tó ń fa àìsàn fòníkú-fọ̀ladìde. Irú iṣẹ́ báyìí wúlò, ṣùgbọ́n ìyá tí wọ́n gún ọmọ rẹ̀ níka ní ìbéèrè kan ṣoṣo: kí lẹ rí? Bẹ́ẹ̀ náà ni àwọn tó ń gba ìtọ̀ àwọn ọmọ iléèwé láti wá àtọ̀sí ajá. Oògùn praziquantel wà, kò sì wọ́n. Ẹni tó bá rí ẹyin aràn nínú ìtọ̀ ọmọ tó sì kọ ọ́ sínú téésìsì rẹ̀ láìfún ọmọ lóògùn ti jí nǹkan ọmọ yẹn gbé. Mo mọ̀ pé ọ̀rọ̀ náà le. Ní Ìgbó-Ọrà, níbi tí P. P. S. Nylander ti ṣe ìwádìí lórí ìbejì ní nǹkan bí ọgọ́ta ọdún sẹ́yìn, àwọn olùwádìí àti oníròyìn kò tíì dẹ́kun wíwá. Ó yẹ kí ẹnì kan bi àwọn ìbejì yẹn ohun tí ìlú wọn rí gbà padà. Fọ́tò pàápàá ti di ìṣòro. Òfin ààbò ìsọfúnni ti ọdún 2023 ti wà, síbẹ̀ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ṣì ń gbé ojú ọmọ iléèwé sí sítátọ́ọ̀sì WhatsApp wọn láti fi hàn pé àwọn lọ pápá.

Ohun tí mo fẹ́ kí àwọn iléèwé gíga ní Ọ̀yọ́ àti Ògbómọ̀ṣọ́ ṣe kò le. Kí gbogbo ìwé ìbéèrè tó bá fẹ́ dé iwájú ọmọ tí kò tíì pé ọdún 18, ìbáà jẹ́ ti ẹ̀kọ́, ti èdè tàbí ti ìṣòwò, gba iwájú ènìyàn mẹ́ta kọjá nínú ẹ̀ka, kí ọ̀kan nínú wọn jẹ́ olùkọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ tó ń kọ́ ọmọ lọ́wọ́lọ́wọ́. Kí akẹ́kọ̀ọ́ kọ ọ́ sínú orí kẹta prọ́jẹ́ẹ̀tì rẹ̀, níbi tó ti ń sọ iye ọmọ tó dáhùn, iye ọmọ tó kọ̀ pẹ̀lú. Bí ó bá kọ ọ́ pé kò sí ọmọ tó kọ̀ nínú gbogbo kíláàsì, kí súpáfáísọ̀ dá ìwé náà padà fún un, kí ó bi í bó ṣe béèrè lọ́wọ́ wọn.